Eyín Àjànàkú Ayé Àtijọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Mi ní Òṣogbo

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà gba àkókò yín. A wọ mọ́tò ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn, a sì dé Òṣogbo láyọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, ló bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ wo igbó Ọ̀ṣun nínú ìsinmi yìí, àmọ́ èmi ni mo ní kí a kọ́kọ́ gba Ọjà Ọba kọjá kí a ra nǹkan jíjẹ. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Níbi tí àwọn lékulẹ́jà pàtẹ sí, ọkùnrin kan rí i pé ọmọ náà dúró tó ń wo orí ọ̀bọ gbígbẹ. Ó fa ohun kan yọ láti inú aṣọ pupa, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tú awo. Ó ní eyín irú àjànàkú kan tó ti parun láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, pé bàbá ńlá òun ló wú u nílẹ̀ létí odò Ọ̀ṣun, àti pé ogún ẹgbẹ̀rún náírà ni òun máa gbà, nítorí pé "ọ̀gá mi, mo rí i lójú yín pé ẹ mọyì nǹkan."

Kò mọ̀ pé bàálójì ni mo ń kọ́ ọmọ níléèwé. Mo gba eyín náà, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ, ìlà tó wà níbi tó fi ń lọ oúnjẹ sì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Àmì eyín ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ nìyẹn: màlúù pọ́ńbélé! Eyín mammoth, ìbátan erin tó ti parun, a máa tóbi tó búrẹ́dì, orí rẹ̀ a sì tò ní ebè àti aporo bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, nítorí pé koríko líle ló fi ń lọ̀. Ti mastodon, tí òun náà jẹ́ ìbátan erin, yàtọ̀: kókó orí eyín rẹ̀ yọ gọngọ débi pé Cuvier, onímọ̀ ará Faransé, fi wọ́n wé ọmú nígbà tó ń sọ ẹranko náà lórúkọ, ewé àti ẹ̀ka igi sì ni oúnjẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá rí eyín ti mọ oúnjẹ, ẹni tó bá sì mọ oúnjẹ lè mọ̀ bóyá pápá ni ẹranko náà gbé tàbí igbó.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo tún pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó dáhùn pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Mo ní bí a bá rí màlúù, kí a sọ pé màlúù la rí. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì já eyín náà gbà. Ìgbà náà ni mo wo àtàǹpàkò mi tí mo rí i pé ó ti pọ́n: osùn ni ọkùnrin yìí fi pa eyín màlúù kó lè dà bí ohun àtayébáyé.

Mo ń kùn títí a fi dé inú igbó, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kùn pẹ́ lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyẹn, láàárín ère tí Àdùnní Olóriṣà àti àwọn oníṣọ̀nà rẹ̀ mọ. Ẹni tó mú wa káàkiri sọ ìtàn Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, ọdẹ aperin, ni ọmọ bá bi mí pé bí erin bá wà níbí nígbà yẹn, egungun wọn dà? Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láàárọ̀ lọ. A jókòó sórí òkúta létí odò. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ igbó òjò máa ń kan, omi rẹ̀ a sì máa jẹ egungun tán. Ibi tí yìnyín wà ni wọ́n ti ń rí odindi: ní Sìbéríà, lọ́dún 2007, darandaran kan rí ọmọ mammoth tí wọ́n pè ní Lyuba, tó ti kú fún ohun tó lé ní 40,000 ọdún, síbẹ̀ wàrà ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Òkúta tí a jókòó lé ńkọ́? Òun ti wà kí ẹran afọ́mọlọ́mú kankan tó dáyé, nínú iná abẹ́ ilẹ̀ ló sì ti dì, nítorí náà kò lè ní egungun wọn nínú. Inú òkúta tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn dì ni kí ó máa wò.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí egungun àgbọ̀n àbùùbùtán ayé àtijọ́ kan tí Charles Andrews sọ ní Pappocetus lugardi ní 1920. Lugard kò tilẹ̀ fi àbùùbùtán sílẹ̀ fún wa! Ní aṣálẹ̀ Íjíbítì, ní Wadi al-Hitan, àwọn mìíràn sùn sórí iyanrìn, ọ̀kan nínú wọn ju mítà 15 lọ, ó sì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì tín-ín-tìn-ìn-tín tí kò lè gbé e rìn, èyí tó fi hàn pé orí ilẹ̀ ni àwọn bàbá ńlá àbùùbùtán ti wọ inú òkun. Ọdún 2005 ni UNESCO kọ ibẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, ọdún yẹn gan-an ló kọ igbó tí a jókòó sí yìí. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkùnrin ọjà náà rí wa lọ́ọ̀ọ́kán. "Tíṣà! Ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan wá." Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo fún un, nítorí pé eyín màlúù náà yóò wúlò fún mi níwájú kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wé e. Ẹ má wọ aṣọ funfun lọ síbẹ̀. Àpò ẹ̀wù ọmọ náà ni a fi eyín sí; a ti fọ ẹ̀wù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, osùn ṣì wà lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ tán.