Ẹ̀yin ọmọ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, kí lẹ fẹ́ fi ìsinmi yìí ṣe?

Bí ọdún bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan á máa yí kiri lórí WhatsApp àwọn ọmọ Alábàtà, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta: àkójọ ètò ìsinmi fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Àwọn àbúrò mi á wá fi í ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, ẹ bá wa wò ó o, èwo ni ká kọ?" Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ lè máa fi í ránṣẹ́ síra yín.

FUNAAB ni mo ti parí ìmọ̀ ìṣirò, kọ́ọ̀dù ni mo ń kọ jẹun báyìí, Ọbàntokò ni mo sì ń gbé. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn ni pé kí wọ́n ka ẹni tí ètò náà wà fún kí wọ́n tó ka iye owó tó ń san, kí wọ́n sì ní iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù kankan.

Púpọ̀ nínú àkójọ yẹn kì í ṣe tiwa. Èyí tí wọ́n ń pè ní REU, ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí ó máa ń gba ojú ìwé tó pọ̀ jù, NSF ló ń náwó rẹ̀, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà ni. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé níbẹ̀ ni owó náà wà fún. RISE ti DAAD, àjọ ìpààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti Jámánì, tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe ìwádìí ní Jámánì, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà, Britain àti Ireland ló ń wá. Mo mọ ọmọkùnrin kan, orí rẹ̀ pé dáadáa, tó kọ àròkọ fún REU kan títí àròkọ náà fi ń dán, kó tó wá rí ìlà tó sọ pé kì í ṣe fún òun. Ó dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ. Ìlà kan péré ni, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí.

Àwọn tó ṣí sílẹ̀ fún wa ńkọ́? Google Summer of Code wà láti ọdún 2005. Ẹ ní láti ti pé ọmọ ọdún 18, kí ẹ sì jẹ́ ẹni tuntun nínú iṣẹ́ sọ́fítíwia tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní gbangba. Láti ọdún 2022, kò tiẹ̀ pọn dandan kéèyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ilé lẹ ti máa ṣe é, ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ náà á máa tọ́ yín sọ́nà, wọ́n á sì sanwó. Outreachy náà, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é: oṣù mẹ́ta, 7,000 dọ́là, fún àwọn tí irú wọn kì í sábà sí nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn ọmọbìnrin wa, torí pé ìtàn yín àti iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lásìkò ìdíje ni wọ́n ń wò.

Fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ṣe ìwádìí, ISTA, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí kan ní ìtòsí Vienna, ní Ọ́sítríà, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. OIST, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Okinawa, ní Jàpáàn, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́fà, ó ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, ó sì ń fúnni nílé. Ní Áfíríkà níbí, Deep Learning Indaba, ìpàdé ẹ̀kọ́ lórí bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ ìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg ní 2017, ó sì ń kiri: Accra ní 2023, Dakar ní 2024, Kigali ní 2025.

Nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, kò sí èyí tó ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ ọ́. Ẹnìkan gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan ní àdúgbò Camp lọ́dún kan, ó ní òun máa bá wọn wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi kan lókè òkun. Owó àpò oúnjẹ wọn ni wọ́n kó fún un, wọn ò rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín kọ orúkọ, ẹ yà fún un.

Wàhálà gidi tó wà níbẹ̀ ni kàlẹ́ńdà. June sí August ni ìsinmi tiwọn. Òjò ló ń rọ̀ níbí nígbà yẹn, ó sì lè jẹ́ ìdánwò lẹ wà. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 February títí di 14 October. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìsinmi àti sáà ẹ̀kọ́ ti wọ inú ara wọn. Outreachy máa ń béèrè ọjọ́ tí sáà ẹ̀kọ́ yín bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá yí kàlẹ́ńdà náà padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́, ẹ tètè sọ fún wọn, kí ẹ fi ìwé ìkéde ilé ẹ̀kọ́ ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.

Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Àwọn ọmọ wa rò pé ìgbà tí ètò kan bá gbà wọ́n ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Rárá o. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lónìí.

Ẹ mú ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi ara yín pé: ọ̀nà mélòó ni ọmọ 48 lè gbà jókòó sínú ihò 12? Ẹ to ọmọ 48 sórí ìlà kan, ẹ fi igi 11 pín wọn. Àyè 59 ló wà fún ọmọ àti igi lápapọ̀, ẹ ń yan 11 nínú rẹ̀ fún igi. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 279,871,768,995. Láptọ́ọ̀pù yín ò lè gbé e. Ó dáa, ẹ dín ọmọ ayò kù sí mẹ́rin. Àyè 15 ló kù, ẹ yan 11, ó jẹ́ 1,365. Ìyẹn ò tó nǹkan kan fún ẹ̀rọ yín. Ẹ kọ kọ́ọ̀dù tó máa to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń ta ayò yípo, lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe ń jẹ. Ẹ wá béèrè nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan pé: bí ọ̀tá méjèèjì bá mọ̀ ọ́n ta dé góńgó, ta ló máa borí?

Ibi tó dùn nìyí: ọmọ tí wọ́n bá ti jẹ kì í padà sórí ọpọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ ìdáhùn fún ọmọ mẹ́rin, òun lẹ máa fi kọ́ ti márùn-ún, ẹ ó fi márùn-ún kọ́ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Romein àti Bal ní Vrije Universiteit, ní Amsterdam, ṣe sí awari, ìbátan ayò wa, ní ọdún 2002. Ìjókòó 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò, láti orí ọmọ díẹ̀ títí dé 48, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ (processor) 144. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣìṣe rárá, ọ̀mì ni. Ó máa ń wú mi lórí tí mo bá ń sọ ọ́: eré tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi ni wọ́n gbé jókòó tì bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọmọbìnrin kan ní 300 level mú ayò yìí nígbà ìsinmi. Ó ń fi ọmọ ayò kún un títí ìrántí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fi kún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí òun ṣe lè tọ́jú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí àyè tó kéré. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tí kíláàsì ò tíì kọ́ ọ. Ó gbé kọ́ọ̀dù náà sórí GitHub, ojú òpó tí wọ́n ń kó kọ́ọ̀dù sí, ó sì kọ àlàyé ṣókí tì í. Nígbà tí ètò ìwádìí kan ní Yúróòpù pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀rọ̀ ayò ni wọ́n fi gba gbogbo àkókò náà. Wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu kan máàkì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí kọ́ọ̀dù ò wù, ẹ lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Fedorov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, fi hàn ní 1891 pé oríṣi 17 péré ni ọnà tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe káàkiri ojú pẹrẹsẹ lè jẹ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá aláṣọ, ẹ ya àwòrán àdìrẹ, ẹ wá máa pín wọn sí oríṣi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ á yọ yín lẹ́nu, torí pé igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ọnà tirẹ̀, kì í tún ara rẹ̀ ṣe bí ìwé ṣe wí. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ àmì ohùn fi sórí Yorùbá dáadáa, ẹ wá àwọn Masakhane lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ èdè Áfíríkà àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe.

Lórí lẹ́tà tí olùkọ́ máa kọ nípa yín, ẹ má dé ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọ orúkọ ètò náà, ọjọ́ tí yóò tì, kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ yín, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tí ẹ ṣe mọ́ ọn. Olùkọ́ tó ní ọmọ tó pọ̀ nínú kíláàsì ò lè rántí gbogbo yín, àmọ́ yóò rántí ẹni tó mú ayò wá. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ padà lọ rán wọn létí tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé èsì ìdánwò náà, ẹ tètè lọ béèrè rẹ̀ báyìí.