Èló ni tiwọn?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn aládìrẹ Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kọ ìwé owó wọn, torí náà òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní June 26, 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Àwọn oníbàárà mi ò fẹ́ mọ orúkọ òfin kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Èló ni tèmi?"

Ẹ jẹ́ ká mú Ìyá Aláró. (Wọn ò ní fẹ́ kí n dárúkọ àwọn gan-an.) Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó aṣọ funfun, aró, sódà, àbẹ́là àti owó àwọn ọmọ tó ń bá wọn rẹ aṣọ, ohun tó ń kù sí wọn lọ́wọ́ lóṣù jẹ́ nǹkan bíi ₦70,000. Lọ́dún, ₦840,000. Òfin ní kí ìjọba má fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦40,000 tó lé ni wọ́n máa san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí: ₦6,000. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ní kí a yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí èèyàn ń san lọ́dún, ohun tí a máa yọ ò sáà gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. ₦200,000 ni Ìyá Aláró ń san fún onílé. Ìdá 20 rẹ̀, ₦40,000. Ó parí, wọn ò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé, wọ́n ní onílé àwọn kì í kọ rìsíìtì. Ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Inú wọn dùn, àmọ́ wọn ò dìde. Wọ́n ní, "Àwọn tó jókòó ṣe òfin yìí ńkọ́? Èló ni tiwọn?"

Mo ṣírò ti sẹ́nétọ̀ fún wọn. Àjọ RMAFC, tó ń pinnu owó oṣù àwọn olóṣèlú, sọ ní August 2024 pé ₦1,063,860 ni sẹ́nétọ̀ kan ń gbà lóṣù. Lọ́dún, ₦12,766,320. Bí owó ṣe ń pọ̀ ni ìdá tí ìjọba ń gbà ń ga, ní ìpele-ìpele. Ibi tí ìyẹn ga dé ni ìpele ìdá 21, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ₦12 mílíọ̀nù. Kò tilẹ̀ tíì wọ̀ ọ́ dénú. Ìpele ìdá 25, tó ga jù, wà fún ohun tó bá lé ní ₦50 mílíọ̀nù. Ká fi ti owó oṣù nìkan wò ó, kò sí sẹ́nétọ̀ kankan tó fojú kan ìpele yẹn. Ìyá Aláró bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà gbọ́ nígbà tí Shehu Sani, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà náà, tú u síta ní 2018 pé ₦13.5 mílíọ̀nù ni owó ìnáwó ọ́fíìsì tí àwọn ń gbà lóṣù, owó oṣù ọ̀tọ̀.

Owó oṣù kọ́ là ń pè ní ọrọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilé tí wọ́n fi ń gba owó ilé ni, ilẹ̀ ni, ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ni. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àpò aṣòfin ló ń darí ìbò rẹ̀ lórí owó orí, ìwé méjì la nílò: ìwé ohun ìní rẹ̀ àti ìwé ìbò rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé méjèèjì wà níta. Láti ìgbà òfin 1978 ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti ń kọ ohun ìní wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún kí ará ìlú lè kà á, ìbò olúkúlùkù lórí àbá ńlá sì máa ń wà lákọsílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ta ní December 2017, nígbà tí wọ́n ń dín owó orí ilé-iṣẹ́ kù láti ìdá 35 sí 21. Bob Corker láti Tennessee nìkan ni sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ Republican tó kọ́kọ́ dìbò tako àbá náà. Nígbà tí ilé méjèèjì jọ tún un ṣe, ìlànà kan wọ inú rẹ̀ tó máa ṣe àwọn tó ń fi ilé pawó láǹfààní. Corker wà lára wọn, ó sì dìbò gbè é. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìlànà náà wà ńbẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi ò dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mo jowú ni pé àwọn akọ̀ròyìn ní nǹkan lọ́wọ́ tí wọ́n fi bi í, ó sì dáhùn.

Tiwa ńkọ́? Abala 52 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ní aṣòfin gbọ́dọ̀ kéde ohun ìní rẹ̀ kó tó jókòó sílé aṣòfin. Wọ́n ń ṣe é. Ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin kan náà ní ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá là sílẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn tó ni ẹrù ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù, láti 1999 títí di òní, wọn ò tíì la ìlànà kankan sílẹ̀.

Ìbò náà ńkọ́? Ariwo ni. Olórí ilé á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, wọ́n á hó; kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn dáhùn, wọ́n á hó; òòlù á dún, ó tán. Aṣòfin 469 ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè nàka sí ọ̀kan pé báyìí ló ṣe dìbò. Kì í sì í ṣe pé wọn ò ní ẹ̀rọ. Ní March 2022, nígbà tí wọ́n ń ṣàtúnṣe sí Òfin Ìpìlẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi dìbò.

Mi ò sọ pé àpò ara wọn ni wọ́n fi òfin 2025 yìí bò. Ìpele tó ga jù gòkè láti ìdá 24 sí 25, tálákà sì rí ìtura gbà nínú rẹ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí kì í dé orí tábìlì rárá. Orílẹ̀-èdè yìí ní owó orí lórí ogún nígbà kan: 1979 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, 1996 ni wọ́n pa á rẹ́, àwọn ológun ni wọ́n ṣe méjèèjì. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé, ẹni tó jogún ilé mẹ́wàá kì í san owó orí lórí ogún náà. Ta ni yóò gbé àbá rẹ̀ wá? Àwọn tí ọmọ wọn máa jogún ni?

Ní Abẹ́òkúta níbí, a ti bá irú èyí jà rí. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá láìsí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu rẹ̀. Ìyá Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ wọn ò fi mọ síbi ẹkún. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n fagi lé owó orí àwọn obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀. Kábíyèsí padà wá ní 1950.

Ìdìbò 2027 kò jìnnà mọ́, a sì mọ bí àwọn olùdíje ṣe fẹ́ràn àdìrẹ nígbà ìpolongo. Kò sí òfin tó ní kí aṣòfin má fúnra rẹ̀ gbé ìwé ohun ìní rẹ̀ jáde. Yar'Adua ṣe é ní 2007 nígbà tó jẹ́ Ààrẹ. Mo ti tẹ ìbéèrè méjì sórí ìwé fún ẹgbẹ́ àwọn aládìrẹ: ṣé wàá fi ìwé tìrẹ hàn wá? Ṣé wàá ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ dìbò lórí owó orí? Ìyá Aláró ní kí n fi ẹ̀kẹta sí i, pé olùdíje tó bá ní òun ò lè dáhùn, kó má wulẹ̀ ní kí àwọn ta aṣọ fún òun láwìn.