Wọ́n Ní A Ti Kọ́ Ọsibítù sí Amẹ́ríkà

Fọ́tò kan ni mo fi sórí WhatsApp ẹbí. Pátákó ẹnu ọ̀nà ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni, orúkọ dókítà wà lára rẹ̀ rẹpẹtẹ, orúkọ èmi àti ọkọ mi náà sì wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní Àkúrẹ́, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Ìsinkàn ti fi ránṣẹ́ káàkiri: "Ẹ bá wa dúpẹ́ o, àwọn ọmọ wa ti kọ́ ọsibítù sí Amẹ́ríkà." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń bi mí pé nọ́ọ̀sì mélòó la fẹ́ gbà.

A ò kọ́ nǹkan kan. Àwọn dókítà ló para pọ̀, wọ́n jọ háyà ilé, wọ́n jọ gba akọ̀wé, wọ́n jọ ń san owó kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ni ín. Tí iṣẹ́ rẹ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè ní kí ìwọ náà wá ra ìpín tìrẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èmi ò tíì rà. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni mí. Dókítà ìdílé ni wọ́n ń pe irú mi: ọmọ ọwọ́ tó ń wúkọ́, abilékọ tí ìfúnpá rẹ̀ ga, bàbá tí orúnkún ń dùn, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń wá. Ọkọ mi ló ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn ará ilé ní oorun ló ń tà, pé dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á.

Ti iná NEPA, ti ìyanṣẹ́lódì, ti owó oṣù tó máa ń sùn lọ́nà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ̀ ọ́n jù mí lọ báyìí. Mi ò sì ní purọ́ pé owó ibí kò dùn. Ó dùn. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi kí n tó gbéra ni ìwé.

Kì í ṣe ìwé ìdánwò ni mò ń wí. Ìyẹn náà wà: bó ti wù kéèyàn jẹ́ ọ̀gá tó nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kó ṣe USMLE, ìdánwò àṣẹ iṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà, kó sì tún padà di ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fún ọdún 3 tó bá jẹ́ ti dókítà ìdílé, ọdún 4 tó bá jẹ́ ti akunnilóorun. Èyí ṣì lópin. Ìwé inṣọ́ránsì, ti iléeṣẹ́ tó ń bá aláìsàn sanwó ìtọ́jú, ni kò lópin.

Bàbá kan wà, awakọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ìrora náà sì gba itan lọ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Mo ní kó lọ ya MRI, àwòrán tó ń fi inú ara hàn. Inṣọ́ránsì ní rárá, kó kọ́kọ́ lọ ṣe fisiotẹ́rápì, ìtọ́jú ìmárale, fún ọ̀sẹ̀ 6. Bàbá ní òun ti ṣe é níbòmíì. Wọ́n ní àwọn ò rí ìwé rẹ̀. A fi ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú fáàsì, ẹ̀rọ tó ń gba wáyà fóònù gbé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, fáàsì, ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ mọ̀ yìí. Ọ́fíìsì bàbá mi ní sẹkitéríàtì Alágbàká ni mo ti rí ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. Wọ́n ní ojú ìwé kan ò hàn. A tún fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n bá dókítà tiwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orin tí wọ́n fi sí mi létí ni mo fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán kí onítọ̀hún tó dáhùn. Dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé ni, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, òun ni yóò wá pinnu bóyá ẹ̀yìn awakọ̀ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yẹ ní yíyà! Ó bi mí ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Mo dáhùn. Ó ní kò burú, òun gbà. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí àwòrán jáde, ó di iṣẹ́ abẹ. Ìwé míì tún dé, ṣùgbọ́n mi ò bínú sí èyí, torí ọkọ mi máa ń kà á: ṣé bàbá lè gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle, ṣé ó máa ń hanrun tí èémí á dá lójú oorun, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Oúnjẹ ọlọ́ràá, ó kéré tán wákàtí 8 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Oúnjẹ fúyẹ́, wákàtí 6. Omi lásán, wákàtí 2. Tí oògùn bá ti mú èèyàn sùn, ohun tó wà níkùn lè padà sókè kó sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní Àkúrẹ́, ìyá ọkọ aláìsàn ni a máa ń ṣọ́: "Ẹ̀kọ díẹ̀ ni mo fún un o, dókítà, ṣé ebi ni yóò gbé wọ tíátà ni?" Ní Ohio, kọfí ni. Wọn ò ka mílíìkì inú rẹ̀ sí oúnjẹ, ọkọ mi á sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Oorun tí wọ́n ní ó ń tà yìí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni inṣọ́ránsì fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á wá fi iye tí wọ́n bù fún irú iṣẹ́ abẹ náà kún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún ná an.

Ẹ wá fi bàbá yẹn sí Àkúrẹ́. Mo kọ ìwé MRI fún un, ó bèèrè pé èló ni, mo sọ ọ́. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Mi ò ní rí i mọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí fáàsì, kò sí ẹni tí mo lè bá jà. Nígbà tí wọ́n ṣí Mother and Child Hospital ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2010, lásìkò Mimiko, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó tó jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ní aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò ní sanwó, èrò tó ya síbẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ iye àwọn tí owó ti ń dá dúró sílé tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 2022 ti sọ inṣọ́ránsì ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀, àpò ara wọn lọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń gba ìtọ́jú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ìwé ibí, bó ṣe ń bí mi nínú tó, mo lè bá a fà á. Rárá ti Ohio, mo lè pè é lẹ́jọ́, kí n tún un pè. Ohun tó lé ọkọ mi kúrò nílé tún yàtọ̀. Ní ọsibítù kan ní Nàìjíríà tí mi ò ní dárúkọ, iná lọ nígbà tí ikùn obìnrin kan ṣì wà ní ṣíṣí. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, iná fóònù nọ́ọ̀sì ni wọ́n tàn sí iṣẹ́ náà, ìka ọkọ mi wà ní ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, ó ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ọ́síjìn inú sílíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Obìnrin náà yè. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ mi ra ìwé USMLE.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní owó tí a ń kó fún òyìnbó ní háyà ti tó kọ́ ọsibítù tiwa, ká máa bọ̀ nílé. Ọkọ mi kọ ohun tó nílò ránṣẹ́ sí wọn: ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ́síjìn, jẹnẹrétọ̀ méjì, ẹni tí yóò máa ra epo dísẹ́lì sí wọn lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà ti bà wá jẹ́. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ mi ò ní tìtorí ìyẹn yọ ọ́síjìn kúrò nínú ìwé náà.