Egungun Kì í Sinmi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka egungun sí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀: ó gbé ara ró, kò sì tún ní iṣẹ́ mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Egungun wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, inú mùdùnmúdùn rẹ̀ sì ni ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó egungun tó ti gbó díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń mọ tuntun sípò rẹ̀. Láàárín ọdún kan, wọ́n á ti tún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá egungun àgbàlagbà mọ. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí àwọn tó ń wó má borí àwọn tó ń mọ.

Egungun ọmọ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, púpọ̀ nínú wọn sì rọ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń so pọ̀ títí wọn yóò fi ku 206. Ti itan ló gùn jù. Èyí tó kéré jù wà nínú etí, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ.

Okùn pùròtéènì tí wọ́n ń pè ní kólájìn ni kì í jẹ́ kí egungun tètè kán. Kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló mú un le. Láìsí kólájìn, á máa rún bí ẹfun. Láìsí kálísíọ́mù tó tó, á rọ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé á sì tẹ̀. Bí a bá pín kálísíọ́mù tó wà lára wa sí ọ̀nà 100, ìdá 99 wà nínú egungun àti eyín. Ìwọ̀nba tó kù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, òun sì ni ọkàn fi ń lù. Ara kò ní jẹ́ kí ti ẹ̀jẹ̀ yìí dín kù. Bí oúnjẹ kò bá mú un wá, inú egungun ni yóò ti lọ mú un, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Àìdùn yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù.

Àgbàlagbà nílò mìlígíráàmù 1000 kálísíọ́mù lójúmọ́, ọmọ ọdún 9 sí 18 nílò 1300, obìnrin tó ti lé ní ọdún 50 àti ọkùnrin tó ti kọjá 70 nílò 1200. Ẹ wá a nínú wàrà, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun, àti ẹ̀fọ́ tútù kí ẹ tó wá a nínú oògùn. Bí ó bá di oògùn, ẹ má lo ju mìlígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ara kì í lè gba èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fítámì D ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara: yúnìtì 600 lójúmọ́, 800 fún ẹni tó ti kọjá 70. Iyọ̀ àjẹjù ń lé kálísíọ́mù jáde nínú ìtọ̀.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Egungun tí a kò di ẹrù lé lórí kì í rí ìdí tí yóò fi ki. Ìlúwẹ̀ẹ́ dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n omi ló ń gbé ara nígbà náà, egungun kò jẹ nínú rẹ̀ púpọ̀. Rírìn kánmọ́kánmọ́, gígun àtẹ̀gùn, fífò àti gbígbé nǹkan tó wúwo ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láì fọwọ́ ti ara yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan nítòsí ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá 10, nítorí ìṣubú ló sábà máa ń ṣẹ́ ìbàdí arúgbó.

Nígbà tí ènìyàn bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25 sí 30 ni egungun máa ń ki jù. Lẹ́yìn náà ló ń dín díẹ̀díẹ̀, àfi ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tó ń yára dín fún ọdún mélòó kan, nítorí họ́mónù tó ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wó níjàánu ti lọ sílẹ̀. Sìgá, ọtí àmujù, àti prednisolone (oògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀) tí a lò fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tún ń bà á jẹ́. Ẹ má dá oògùn yẹn dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà léèrè ohun tí ẹ lè fi dáàbò bo egungun yín.

Ẹni tó dúró lásán tó ṣubú tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, tàbí tó ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú sí gíga ìgbà èwe rẹ̀, kó má sọ pé ọjọ́ orí ni. Kó ní kí wọ́n wọn bí egungun òun ṣe ki tó. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní T-score ni àyẹ̀wò náà ń gbé jáde, ó ń fi egungun ẹni wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le: −1 lọ sókè dára. Bó bá jẹ́ −2.5 tàbí kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, egungun ti di hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti oògùn.