Bọ́ọ̀sì Mélòó Ló Kọjá Lónìí?

Ọdún kọkànlá tí mo ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni mo tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris. Ọ̀nà náà kò sì jìn. Téèyàn bá wọkọ̀ ní St Pancras, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó ti balẹ̀ sí Gare du Nord, abẹ́ òkun ló sì gbà kọjá. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, nínú oṣù Kejì, tí òtútù ṣì ń mú gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n rí i dájú pé mo ya fọ́tò nídìí ilé gogoro Eiffel. Mo rí i lókèèrè, ó tó mi. Fíìmù àtijọ́ ni mo bá lọ.

Bàbá mi ni wọ́n kọ́ mi ní fíìmù wíwò. Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, tí wọ́n bá ti gbé sinimá Ògúndé tàbí ti Adé Love wá sí gbọ̀ngàn, bàbá á kó gbogbo wa lọ. Ara ògiri tí àwòrán wà kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ̀yìn ni mo máa ń yíjú sí, kí n lè rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú ẹ̀rọ jáde, tó ń gba orí wa kọjá, tí eruku ń jó nínú rẹ̀. Bàbá á wá rọra fọwọ́ yí orí mi padà síwájú. Wọ́n ti di olóògbé báyìí, ṣùgbọ́n títí dòní, mi ò gbà pé fóònù tó fíìmù wò. Inú òkùnkùn ló yẹ kéèyàn ti wò ó, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ní Paris ni Boulevard des Capucines, níwájú ilé tí Grand Café wà nígbà kan rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, 1895, àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gba owó lọ́wọ́ èèyàn 33 níbẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán tó ń rìn hàn wọ́n nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé sinimá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ tiwọn, èmi nìkan ni mo dúró. Ó ṣe mí bíi pé kí bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí rue Champollion, nítòsí yunifásítì Sorbonne. Òpópónà tóóró ni, kò sì gùn, ṣùgbọ́n ilé sinimá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Le Champo, tó wà ní igun, ti wà láti ọdún 1938. Bí ẹ bá rí àwọn pátákó tí wọ́n gbé síta! Fíìmù tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n ń polówó bí ẹni pé àná ló jáde, àwọn ọ̀dọ́ sì tò sórí ìlà nínú òtútù láti wò ó.

Ohun kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ o. Èdè tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà gan-an ló máa ń sọ níbẹ̀, Faransé ni wọ́n sì máa ń kọ sí ìsàlẹ̀. Èmi ò gbọ́ Faransé ju kí n kí èèyàn lọ. Mo ti sanwó kí n tó rántí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ wò ni fíìmù tí Vittorio De Sica, ọmọ Ítálì, darí ní ọdún 1948, nípa ọkùnrin kan ní Róòmù tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ríṣẹ́ lẹ́yìn tó ti wà nílé tipẹ́, iṣẹ́ kí ó máa lẹ pósítà mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á bí kò bá ní kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ náà sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó fi dógò fún. Ni ìyàwó rẹ̀ bá dìde, ó fa aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wọn yọ, ó lọ fi ìyẹn dógò kí wọ́n lè rí kẹ̀kẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni a rí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó gbé ẹrù aṣọ náà, tó ń gun àkàbà, tó ń gòkè, tó ń gòkè, láàárín ẹrù aṣọ àwọn ẹlòmíì tó kún dé àjà. Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún mi. Mo mọ obìnrin tó ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè san owó ọ̀kadà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ sì bọ́, ọkùnrin yìí, tó ti ń bínú pé ìyàwó òun ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin aríran, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Mo mí kanlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lásán ni ẹni tó ṣeré náà, Lamberto Maggiorani, kì í ṣe òṣèré tẹ́lẹ̀, ó sì hàn nínú bó ṣe ń rìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ebi oúnjẹ wa ń pa mí, mo bá lọ sí Château Rouge, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń nájà. Iṣu wà níbẹ̀, ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja gbígbẹ. Mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì ná ata lọ́wọ́ obìnrin kan, ló bá fi Yorùbá dá mi lóhùn. Ọmọ Sàkétè ni, ní Benin. Ó ní, “Àǹtí, ibo lẹ tún ń lọ láti ibí?” Mo ní sinimá ni. Ó wò mí, ó fi ata mẹ́ta ṣe ènì fún mi, ó ní kí n gbádùn ara mi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo wo Tokyo Story, fíìmù tí Yasujiro Ozu, ọmọ Japan, darí ní ọdún 1953. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tọkọtaya arúgbó tí wọ́n ń di ẹrù. Wọ́n fẹ́ ti Onomichi, létí òkun, lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Nǹkan kan sọnù, ìrọ̀rí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bàbá ní ọ̀dọ̀ ìyá ló wà, ìyá ní ọ̀dọ̀ bàbá ni òun fi sí, bàbá sì padà rí i nínú ẹrù ara rẹ̀. Ozu gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní. Ibi tí mo máa ń jókòó sí gan-an nìyẹn tí Màmá mi bá ń dì èlùbọ́ sínú ọ̀rá, tí wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má baà tú sára aṣọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2019, Màmá wá kí mi, wọ́n lo oṣù mẹ́ta. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń jáde. Mo ń wẹ ìyá oníyàá, mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ, mo ń gbọ́ ìtàn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Australia. Ìyá tèmi wà nílé lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọjọ́ tí mo bá wà nílé, oorun ni mo máa ń sùn. Tí mo bá wọlé lálẹ́, wọ́n á ní, “Àṣàkẹ́, mẹ́tàlélọ́gọ́fà ló kọjá lónìí o.” Àwọn bọ́ọ̀sì pupa ni wọ́n ń kà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni.

Nínú fíìmù, dókítà ni àkọ́bí, ọmọbìnrin wọn sì ń ṣe irun fún àwọn obìnrin. Wọ́n múra láti mú àwọn òbí jáde lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ṣàdédé yọjú, wọn ò lọ mọ́. Ìyá mú ọmọ-ọmọ jáde sórí òkè oníkoríko, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ ń já koríko, kò dá a lóhùn. Noriko nìkan, ìyàwó ọmọ wọn tí ogun ti gbé lọ, ló gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí wọn. Yàrá kan péré ló ní. Ó lọ tọrọ ọtí lọ́wọ́ aládùúgbò kó lè rí nǹkan gbé síwájú wọn, bí wọ́n sì ti ń jẹun, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Setsuko Hara ló ṣe é. Ẹ̀rín obìnrin náà ṣòro láti wò.

Àwọn ọmọ dá owó jọ, wọ́n ní kí àwọn òbí lọ sinmi ní Atami, létí òkun. Ariwo kò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú. Láàárọ̀, wọ́n jókòó sórí ògiri etí òkun, ìyá fẹ́ dìde, òòyì kọ́ ọ, ó fọwọ́ tilẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bàbá bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan, wọ́n ń rìn lọ. Àyà mi já. Mo ti rí irú ìdìde bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ó ṣe mí bíi pé kí n pariwo sí bàbá náà pé kí ó dì í mú.

Wọ́n padà sílé, ìyá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, bí wọ́n ti ń jẹun, ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń béèrè aṣọ ìyá. Àwọn kan kùn nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ní ìkà ni obìnrin yẹn. Èmi ò gbà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní oníbàárà, ó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wá ìkà nínú fíìmù náà títí, mi ò rí ọ̀kan. Ohun tó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara nìyẹn. Lẹ́yìn tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo tún un wò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, díẹ̀ báyìí ló sì fi kún ohun tí mo ti mọ̀.

Ní ìparí, bàbá nìkan ló kù nílé. Aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé, ó kí i, ó lọ. Bàbá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá lórí òkun, ẹ ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń dún lọ, ó ń jìnnà. Ni mo bá rí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo jáde sí rue Champollion, mi ò tíì dé igun tí mo fi pe Màmá. Lásìkò òtútù, aago Paris àti ti Nàìjíríà dọ́gba, aago méje alẹ́ ni lọ́dọ̀ àwa méjèèjì. Wọ́n ní, “Ṣé kò sí o?”

“Kò sí nǹkan kan, Màmá. Mo kàn ní kí n gbóhùn yín ni.”

“O ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà. Màmá, ẹ rántí àwọn bọ́ọ̀sì tí ẹ máa ń kà nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ mi?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ti ọjọ́ wo lo ń béèrè, Àṣàkẹ́?”