Kíláàsì Yorùbá wa ní Peckham lónìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Yorùbá ní Sátidé, London níbí ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ń gbọ́ tí màmá wọn bá sọ̀rọ̀ àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo wá kà nípa ọ̀nà ìkọ́ni ní èdè kan tí wọ́n ń pè ní Total Physical Response, tí onímọ̀ ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá kan, James Asher, gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1960, tíṣà á pàṣẹ, á ṣe é, ọmọ á ṣe é tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó máa fipá mú un sọ̀rọ̀. Bí ọmọ ọwọ́ náà ṣe ń gbọ́ èdè nílé kúkú nìyẹn, "wá", "jókòó", "gbé e fún mi", kó tó la ẹnu.

Ni mo bá ní ká ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ dìde! Ẹ fọwọ́ kan orí! Ẹ sáré lọ síbi ilẹ̀kùn!" Haa, ariwo! Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló bọ́ síwájú tó ní "Tíṣà, ẹ fò!", pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mo sì fò. Sátidé tó ń bọ̀, dòdò la máa dín: bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, gé e, wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò.