Ẹ kúrò lórí Auto, níbi tí kámẹ́rà ti ń ṣètò ara rẹ̀, jàre

Lánàá mo gun ilé ìṣọ́ Bower l'Ókè Ààrẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936, torí mo fẹ́ ya fọ́tò àwọn òrùlé páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà yẹn nígbà tóòrùn ń wọ̀, ó mà rẹwà o! Àmọ́ bílẹ̀ ṣe ń ṣú ni fọ́tò ń ṣókùnkùn.

Tẹ́ ẹ bá kúrò lórí Auto, nǹkan mẹ́ta lẹ máa yí lára kámẹ́rà. Aperture ni ihò inú lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, f/1.8 fẹ̀ ju f/16 lọ, nọ́ńbà kékeré ló ni ihò ńlá, ibẹ̀ ló máa ń rú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lójú. Shutter speed ńkọ́? Òun ni iye àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo 1/15 ìṣẹ́jú àáyá láìsí tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ọwọ́ á gbọ̀n, fọ́tò á rí bàìbàì. ISO náà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò tó, tẹ́ ẹ bá gbé e dé 6400, fọ́tò á mọ́lẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ á máa rí wóró-wóró bí iyanrìn.

Èmi gbé kámẹ́rà sórí tripod, ISO 100, f/8, shutter ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo wá lo self-timer, tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yà á, kí ọwọ́ mi má baà mì í. Gbogbo páànù yẹn ló hàn kedere, títí dé ọ̀nà Mápó! Ẹ jọ̀ọ́, tripod ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ẹ fi lẹ́ǹsì olówó ńlá sílẹ̀ ná.